Ẹ̀gbà tí Ń Sọ̀rọ̀ àti Agogo Pàjáwìrì: Ta Ni Yóò Dá Àgbàlagbà Lóhùn?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ owó èlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ bí a ti ń ṣírò owó ìfipamọ́. Ó jẹ mọ́ àwọn àgbàlagbà àárín wa, àwọn tí wọ́n ti ń dáwó láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ṣì ń ṣe ìpàdé lábẹ́ igi, tí àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí ó sì wá ku àwọn nìkan nínú ilé tí wọ́n fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ kọ́.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń fi oríṣi nǹkan méjì ránṣẹ́ sílé báyìí. Èkíní ni ẹ̀gbà ọwọ́ tí a kọ àìsàn ẹni sí lára. Èkejì ni bọ́tìnnì kékeré kan tí a ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n ní bí Màmá bá ṣubú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ti bi wá léèrè bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí wúlò tàbí owó ni wọ́n fi ń ṣòfò. Wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn ìdáhùn yìí, ohun tí ó kù náà gan-an ni a fẹ́ kọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí. Ní ọjọ́ ìpàdé kan, ìyá àgbà kan tí kì í pa ìpàdé jẹ kò wá. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tí ó jẹ́, mo sì kọ owó ìtanràn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin wa ti wí. A gba owó, a ka owó, a fọwọ́ sí ẹ̀yáwó àwọn tí ó kàn, a túká. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá yìí wà ní ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀. Ó ti yọ̀ ṣubú láàárọ̀ nígbà tí ó ń múra àtiwá sí ìpàdé. Ọmọdé kan tí wọ́n rán wá ra epo òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Láti gbọ̀ngàn ìpàdé wa dé ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti nínú ìwé, ohun tí mo rí ni mo kó wá síwájú yín.

Ẹ̀gbà tí ń sọ̀rọ̀

Láàárín àwa Yorùbá, kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí ohun ọwọ́ ẹni sọ irú ẹni tí a jẹ́. Bí a bá rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ní ọwọ́ òsì ènìyàn, a ti mọ̀ pé onífá ni kí ó tó la ẹnu. Ẹ̀gbà aláìsàn kò yàtọ̀ sí èyí.

Ìlú Turlock ní ìpínlẹ̀ California ni ti MedicAlert, tí ó mú irú ẹ̀gbà yìí di mímọ̀ káàkiri, ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1953, Linda Collins, ọmọ dókítà kan níbẹ̀, fi nǹkan gé ìka. Wọ́n fẹ́ fún un ní oògùn tí ń dènà àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ìwọ̀n bíńtín kan dán ara rẹ̀ wò. Ìwọ̀n bíńtín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, nítorí pé oògùn yìí jẹ́ èèwọ̀ ara rẹ̀. Orí yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Dókítà Marion Collins, àti ìyá rẹ̀ Chrissie bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé: bí ọmọ yìí bá ní ìjàǹbá níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò kìlọ̀ fún dókítà ibẹ̀? Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ìwé pélébé sí i lára. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí oníṣọ̀nà fàdákà kọ ìkìlọ̀ náà sí ara ẹ̀gbà ọwọ́. Ní ọdún 1956 ni wọ́n dá MedicAlert sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò wà fún èrè. Yàtọ̀ sí orúkọ àìsàn, ẹgbẹ́ náà ń kọ nọ́ńbà kan àti tẹlifóònù kan sí ẹ̀gbà náà, tí dókítà fi lè pè wọ́n tọ̀sán tòru kí ó sì gbọ́ ìyókù nípa aláìsàn náà.

Kí ni ó yẹ kí a kọ? Ohun tí dókítà nílò ní wákàtí àkọ́kọ́ ni. Oògùn tí ara ẹni kọ̀, bíi pẹnisílìnì. Àtọ̀gbẹ, pàápàá bí ènìyàn bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Wárápá. Fòníkú-fọ̀ladìde. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, nítorí pé ẹni tí ń lò ó lè fi orí gbá ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà nínú agbárí láìhàn síta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí àyà láti ran ọkàn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, orúkọ ẹni àti tẹlifóònù ènìyàn méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ń gbé nítòsí. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè sunkún lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti kọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n kí á má jẹ́ kí ó gba àyè ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ọsibítù tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò kí ó tó fa ti ẹlòmíràn sí ènìyàn lára. Kí a sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn olùfẹ́ èdè wa nínú, ṣùgbọ́n dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè jẹ́ ọmọ Ìgbò tàbí Tiv.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àtọ̀gbẹ, nítorí pé òun ni ó ń tú àṣírí ìwúlò ẹ̀gbà yìí jù. Bí ṣúgà ara ẹni tí ń lo oògùn bá lọ sílẹ̀ jù, yóò máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, yóò sì máa sọ ìsọkúsọ. Ní ibùdókọ̀ tàbí lọ́jà, ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ ni pé ó ti mutí yó, tàbí pé ayé ti ṣe é. Bí ẹnìkan bá rí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì kà á, omi ṣúgà tàbí mínírà dídùn lè mú un padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí a dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wárápá. Àwọn ènìyàn ṣì ń sá fún itọ́ tí ń hó lẹ́nu ẹni tí ó ń gbé, wọ́n ní ó ń ràn. Kò ràn rárá. Kí a má sì ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ kò fi fẹ́ wọ ẹ̀gbà yìí ni ìtìjú. Ta ni ó fẹ́ kí gbogbo ọjà mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ? Èyí yé mi. Ẹ̀yìn ẹ̀gbà náà, ibi tí ó kan ara, ni kí a kọ ọ̀rọ̀ sí, kí iwájú rẹ̀ máa ní àmì iṣẹ́ ìṣègùn nìkan, èyí tí í ṣe ejò tí ó lọ́ mọ́ ọ̀pá. Mo ti gbọ́ ti bàbá kan tí wọ́n ní kí ó bọ́ tirẹ̀ jù nù ní ilé àdúrà nítorí ejò yìí. Wọ́n rò pé ońdè ni. Kí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ tètè ṣàlàyé fún àwọn ará ilé àti olùṣọ́àgùntàn rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ó ti òkè òkun wá. Àwọn tí ń gbẹ́ orúkọ sí ife ẹ̀yẹ àti ìdè kọ́kọ́rọ́ nínú ọjà lè gbẹ́ ẹ sí irin pélébé tí kì í dípẹtà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ Lions ní ètò kan tí ó rọrùn ju èyí lọ: wọ́n ń fún àgbàlagbà ní ìgò kékeré kan, yóò kọ àìsàn àti oògùn rẹ̀ sínú ìwé, yóò ká ìwé náà sínú ìgò, yóò sì fi í sínú fíríìjì, nítorí pé fíríìjì kò ṣòro láti rí nínú ilé. Àmì kan ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yóò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àǹbúláǹsì pé ìgò náà wà níbẹ̀. Tẹlifóònù ìgbàlódé pẹ̀lú ní ibi tí a lè kọ irú nǹkan yìí sí, tí àlejò lè kà láìmọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi tì í.

Agogo pàjáwìrì

Ẹ̀gbà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Agogo ni ó ń pe ẹni tí kò tíì sí níbẹ̀. Nígbà ayé àwọn baba wa, agbo ilé ni agogo. Ta ni yóò ṣubú lágbo ilé tí ọmọ mẹ́wàá kò ní pariwo? Àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé àgbàlagbà ń dá gbé. Wilhelm Hörmann ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní Amẹ́ríkà, Andrew Dibner dá Lifeline sílẹ̀ ní ọdún 1974. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: rédíò kékeré wà nínú bọ́tìnnì ọrùn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò fi àmì ránṣẹ́ sí àpótí kan nínú ilé, àpótí náà yóò sì fúnra rẹ̀ pe ibùdó kan lórí tẹlifóònù. Òṣìṣẹ́ ibùdó yóò bá ẹni náà sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn àpótí. Bí ó bá yẹ, yóò pe aládùúgbò tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí àǹbúláǹsì. Láti ọdún 2018, aago ọwọ́ kan láti ilé iṣẹ́ Apple ti lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹni tí ó wọ òun ti ṣubú gidigidi.

Ìṣubú nìkan kọ́ ni ó ń pa àgbàlagbà. Pípẹ́ nílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá wà lórí sìmẹ́ńtì fún wákàtí pípẹ́, awọ ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà níbi tí egungun ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹran ara tí ó há yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú, májèlé inú rẹ̀ yóò sì bá kídìnrín jà. Òùngbẹ, òtútù, òtútù àyà. Nítorí náà, iye wákàtí ṣe pàtàkì ju iye owó ẹ̀rọ lọ.

Ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ra agogo yìí mọ̀. Wọ́n ṣe é ní Cambridge láàárín àwọn tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2008. Láàárín ọdún kan, ènìyàn 60 nínú 100 ni ó ṣubú. Nínú àwọn tí ó ṣubú, 80 nínú 100 ni kò lè dá dìde ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, 30 nínú 100 sì wà nílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni agogo wà nítòsí wọn, síbẹ̀ púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó pẹ́ nílẹ̀ kò lò ó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹnu yà mí. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, kò yà mí mọ́. Àwọn ìyá wa a máa so bọ́tìnnì yìí mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ó má bàa bàjẹ́. Wọn a bọ́ ọ kí wọ́n tó wẹ̀, balùwẹ̀ sì ni ó ń yọ̀ jù. Bí ó bá tilẹ̀ wà lọ́rùn wọn, wọn yóò ní àwọn kò fẹ́ da ọmọ ọlọ́mọ láàmú lóru, kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra agogo fún òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ yìí yanjú. Kí a jọ tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí yóò dáhùn kò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n ti darúgbó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣọ́ra lásìkò yìí, nítorí pé wọ́n ń pa okùn tẹlifóònù àtijọ́ ti níbẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún òpin rẹ̀. Okùn àtijọ́ ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Tuntun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná ilé bá lọ tí kò sí bátìrì, agogo ti yadi nìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù dá fífi ipá yí àwọn oníbàárà padà dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tí àgbàlagbà kan àti òmíràn ti tẹ agogo tí kò sì dún síbì kankan. Ẹni tí ó bá ní ìyá tàbí bàbá níbẹ̀, kí ó bi ilé iṣẹ́ agogo náà léèrè bóyá àpótí wọn bá okùn tuntun mu.

Nílé níbí, ẹ̀rọ tí ó bá ń fẹ́ okùn tẹlifóònù ara ògiri kò lè wúlò fún púpọ̀ nínú wa. Èyí tí ó ń lo káàdì SIM ni ó yẹ, tí a bá fi owó sí i, tí a gba iná sí i, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dé balùwẹ̀. Kí a bi ẹni tí ó rà á pé: ta ni ó ń pè? Bí ó bá jẹ́ ibùdó kan ní òkè òkun ni, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lè rán àǹbúláǹsì sí Ìsẹ́yìn. Èyí tí a lè tò nọ́ńbà aládùúgbò márùn-ún sí, tí yóò máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí ẹnìkan yóò fi gbé e, ni mo yàn. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112. 767 náà wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè gbọ́dọ̀ lè júwe ilé: lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí wo, lẹ́yìn ilé ọlọ wo. Kí a kọ júwe-júwe yìí sára ògiri lẹ́bàá tẹlifóònù.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Gbogbo agogo ayé yìí ń béèrè ohun kan tí a kì í rà lọ́jà, èyí tí í ṣe ẹni tí yóò dìde lọ wò ó. Àwa ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé wa. Ní ọdún 1995 ní Manchester, àjọ àwọn alájẹṣẹ́kù àgbáyé, ICA, fi ìtọ́jú àwùjọ ṣe ìlànà keje àjẹṣẹ́kù. Ní Japan, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń gbé oúnjẹ lọ sílé àgbàlagbà a máa wò ó bóyá ẹrù ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún 2001, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tún ti ń ṣe kẹ́tù tí ó ń ránṣẹ́ sí ọmọ pé ìyá ti se omi tíì láàárọ̀. Àìfọhùn kẹ́tù náà ni agogo.

Ìwé ìpàdé wa pẹ̀lú lè jẹ́ agogo. Ní ẹgbẹ́ tèmi, a ti yí òfin ìtanràn padà: bí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò bá jẹ́ ìpè, akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ ìtanràn títí ẹnìkan yóò fi dé ilé rẹ̀ kí ìpàdé tó túká. A pín àwọn àgbàlagbà sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a fi tẹlifóònù ta ara wọn ní àtajúlọ láì gbé e, tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tí ti rẹ̀ kò bá dún, a lọ wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ méjì, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ti balùwẹ̀ pa láti inú mọ́. A sì ra fèrè oníke tí a lè gbé kọ́ ọrùn, nítorí pé ohùn ẹni tí ó wà nílẹ̀ tètè ń rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí díẹ̀ tó láti fọn fèrè.

Àwọn kan nínú wa tako o. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, àti pé kọ́kọ́rọ́ ilé kì í ṣe nǹkan tí a ń fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ní òtítọ́ nínú, ìdí nìyẹn tí a kò fi fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ti èkíní, mo béèrè lọ́wọ́ wọn iye wákàtí tí bàlúù fi ń ti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè pẹ́ ní ọsibítù, ó sì ń fi ọ̀pá rìn láti ìgbà náà. Nígbà tí mo gbé owó ìtanràn rẹ̀ padà lọ fún un, kò gbà á. Ó ní kí a fi kún owó fèrè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé tí ń bọ̀

Mélòó nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó ń dá gbé, ta ni ilé rẹ̀ sì súnmọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jù?

Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá dákú níbi ìpàdé lónìí, ta ni nínú wa ni ó mọ oògùn tí ó ń lò? Níbo ni ó yẹ kí a kọ èyí sí, ta ni yóò sì máa pa á mọ́ kí ó má di ọ̀rọ̀ ìta?

Ọsibítù wo ni ó súnmọ́ wa tí ó ń gba aláìsàn lóru, ọkọ̀ ta ni a ó sì fi gbé e dé ibẹ̀?

Láti inú àpò wo ni ẹgbẹ́ yóò ti yọ owó ẹ̀gbà àti fèrè, ṣé òfin wa sì gbà á?